Ọmọ Òṣómàáló

Aṣọ ni bàbá rẹ̀ ń tà láwìn,
láti Iléṣà títí dé ilẹ̀ Ìgbómìnà.
Bóṣù bá parí, a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè:
"Òṣó ni màá ló, kí n tó gbowó mi."
Oòrùn a wọ̀, kò ní dìde.
Ajá ilé a gbó títí, yóò rẹ ajá.

Dókítà Ìbíyẹmí Fámákinwá kò tajà rí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wọ́ọ̀dù rẹ̀ nígbà náà,
kóòtù mi funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú.
Ìyá kan láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ẹ̀jẹ̀ ríru,
oògùn oṣù mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ kò sọ̀kalẹ̀.
Mo kọ ọ́ sí káàdì: "Olórí kunkun. Kì í lo oògùn."
Dókítà kà á. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi,
ó fa ìlà lé e lórí, ẹ̀ẹ̀mejì.
"Ta lo bi léèrè?"
Ó ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jọ, ó lóṣòó ti bẹ́ẹ̀dì.
Kò bèèrè oògùn. Ó bèèrè ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun,
ó bèèrè iye tí ọlọ́kadà gbà,
ó bèèrè ẹ̀gbọ́n.
Ibẹ̀ ni ìyá náà ti dákẹ́.
Ó pẹ́ kó tó ní: "Ìdajì ni mò ń lò.
Ẹ̀gbọ́n mi náà ní i. Kò lọ́mọ tí yóò bá a rà á."
Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Mo wo aago.

Lọ́jọ́bọ̀, ẹ kì í bá wa ní wọ́ọ̀dù.
Ó ń kó wa lọ sílé aláìsàn, ní Ìsọ̀kun, ní Ìjòkà,
ó ní ká ka àtẹ̀gùn tí arúgbó ń gùn kó tó dé ilé ìyàgbẹ́,
ká wo ibi tí wọ́n ń gbé iyọ̀ sí.
Ẹni tí kò bá rí iyọ̀, kò gbọdọ̀ yan oògùn.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ nílé oúnjẹ:
"Díẹ̀ nínú ọkàn, díẹ̀ nínú àtọ̀gbẹ, bí igbá oníworobo!"
A bu ẹ̀wà sẹ́nu, a jẹ ẹ́ tán:
"Ẹ̀yin lẹ mọ kíndìnrín. Ẹ máa mọ̀ ọ́n.
Ẹni tó ni kíndìnrín lèmi mọ̀."

Nígbà tí ẹgbẹ́ oníṣègùn ìdílé fi í jẹ ààrẹ,
bọ́ọ̀sì alẹ́ ló wọ̀ lọ Àbújá,
òun, fáìlì kan, àti mọ́ínmọ́ín mẹ́rin.
Àyè ìkọ́ṣẹ́ méjìlá ló ń wá fún wa.
Akọ̀wé ní: "Ọ̀gá kò sí lórí ìjókòó."
Ó ní kò burú, òun náà kò fẹ́ jókòó.
Ó bọ́ bàtà. Ó lóṣòó sórí táìsì wọn,
ìyá ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, gíláàsì lójú.
Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé omi fún un.
Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n buwọ́ lu àyè mẹ́jọ.
"Ó ku mẹ́rin," ló wí. Kò dúpẹ́.

Nínú àwọn mẹ́jọ tó gba àyè náà, márùn-ún ti wà lókè òkun.
Òun ló kọ̀wé ẹ̀rí wọn lóru, lábẹ́ iná fóònù,
ó kọ ohun rere.
Kò bá ìkankan nínú wọn jẹun ìdágbére.
Síbẹ̀, bí a bá dárúkọ Fọlárànmí,
á bèèrè: "Ṣé ó ṣì ń bèèrè ẹ̀gbọ́n?"

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wá sí kíríníìkì mi. Orúnkún.
Ó gba nọ́ńbà, ó jẹ́ ẹnì kẹtàlélógójì.
Nọ́ọ̀sì ní kó máa bọ̀ níwájú,
ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.
Nígbà tó kàn án, mo dúró tì í, mo fa káàdì,
mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ egungun tó ń gbó.
Kò fèsì. Ó ń wo ògiri.
Mo mọ ìdákẹ́ yẹn.
Mo fi bírò sílẹ̀. Mo ká ṣòkòtò mi sókè.
Orúnkún tèmi náà dún bí igi gbígbẹ,
ó rẹ́rìn-ín.
"Ó kù díẹ̀," ló wí. "Sọ̀ sílẹ̀ sí i."